Fíúwìn sẹ́ńtà kan lẹ́yìn Agbowó, àti ọ̀rọ̀ kọ́tábáàkì tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti àga ibẹ̀ kí n tó gbàgbé, torí ìdí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ǹṣì pákó ni, irú èyí tí wọ́n fi kọ́ àwọn bàbá wa ní ABD, kò ní ẹ̀yìn, ìṣó ti yọrí lára méjì nínú wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí ẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀, kó yáa gbé tìmùtìmù ẹ̀ dání láti ilé. Mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́ àìmọye ìgbà. Ó ní òun máa ra ti oníke. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti 2023.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n júwe ibi téèyàn ti lè wo bọ́ọ̀lù yẹn nÍbàdàn kó sì yé e, ibẹ̀ náà ni màá júwe. Bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá, tí ẹni tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì máa ń jù sáwọn yòókù, kì í ṣe ti Arsenal. Arsenal náà kúkú ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, àwọn ọmọ UI àtàwọn awakọ̀ Micra máa ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ariwo wọn á dé títì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbá tiwọn tán tí èrò túká, àwa bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa ń ṣẹ́ kù, ọ̀gá á yí i sí ESPN, á lọ ti géètì, ó di tiwa nìyẹn. ₦500 ni owó ìwọlé lálẹ́. Láti Sẹ̀tẹ́ńbà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ọjọ́ Sọ́ńdè, tó bá wọ Nòfẹ́ńbà táwọn òyìnbó yí aago wọn padà, á di aago méje. Super Bowl, àṣekágbá wọn, ní tiẹ̀, aago méjìlá ààbọ̀ òru ni, ẹ tètè lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́.

Pùròjẹ́tọ̀ ibẹ̀ dáa. Ara ògiri tí wọ́n kùn ní funfun ló ń tàn sí, ó tóbi débi pé ẹ máa rí ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà wọn. Abókí tó ń se Indomie wà lẹ́nu géètì, ẹyin méjì, ata rodo tí kò mọ níwọ̀n, tí NEPA bá mú iná lọ ó ní tọ́ọ̀ṣì tó so mọ́ orí. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí abókí.

Kì í ṣe pùròjẹ́tọ̀ ló mú mi kọ èyí ṣá. Ọ̀gá yẹn gan-an ni. Ó gbé Houston fún ọdún mọ́kànlá kó tó padà wálé, ó sì ní ìwà kan tó kọ́kọ́ ń bí mi nínú: á dá àwòrán dúró. Níbi tí ara ti ń gbóná gan-an. Rẹfirí á ju fúláàgì yẹ́lò sílẹ̀ báyìí pé ẹnì kan ti rú òfin, gbogbo wa á ti dìde, òun á tẹ rìmóòtù, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi, á wá bi wá pé kí la rí. Bíi tíṣà. Ẹni bá sì dáhùn láìwò ó dáadáa, á ní kó jókòó.

Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Bengals àti Chiefs ni, Sọ́ńdè 29 Jánúárì 2023, àwa ti wọ Mọ́ńdè níbí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àsìkò yẹn? Ọ̀wọ́n náírà tuntun, ọ̀wọ́n epo lórí ẹ̀, owó pépà ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, téèyàn bá ní kóun ṣe tiransífáà, nẹ́tíwọ̀kì á kàn máa yí kiri lójú fóònù. Ọ̀gá ní ká wọlé, ó kọ orúkọ wa sínú ìwé bí ẹni ń dá àjọ. Epo oníkẹ́ẹ̀gì ló wà nínú jẹnẹrétọ̀, a ò mọ iye omi tí wọ́n bù sí i. A wò ó títí ó fi di 20 sí 20, kò ju ìṣẹ́jú bíi kan lọ tó kù, ni jẹnẹrétọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Òkùnkùn biribiri. Àwọn kan ń ṣépè fún oníkẹ́ẹ̀gì, àwọn kan ń ṣépè fún ìjọba, ọ̀gá ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lójú òkùnkùn, ọmọ kan tó ní dátà ló wá kà á jáde lójú fóònù ẹ̀ pé wọ́n ti sún Chiefs síwájú ní yáàdì 15 torí ẹnì kan fọwọ́ kan Mahomes, kọ́tábáàkì wọn, wọ́n sì ti gbá a wọlé, 23 sí 20, ó ti parí.

Bàbá onímicra kan tó jókòó lẹ́yìn mi ní, "Torí ó fọwọ́ kàn án? Ṣé ẹyin ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, fídíò ẹ̀ ti kárí gbogbo fóònù. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Joseph Ossai, ọmọ Bengals, ti na ọwọ́ méjèèjì, ó parí síbi tí Mahomes ti ṣubú, ní slow motion, títì yẹn wá rí bí ìgbà téèyàn ń ti ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ kó dún. Wọ́n tún fi kún un pé ọmọ tiwa ni Ossai, Èkó ni wọ́n bí i sí, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Inú bí wa. Lórí rédíò tí mò ń gbọ́ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń ka eré ìdárayá ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù yìí, ti sọ kọ́tábáàkì di ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ẹni bá ti fọwọ́ kàn án ti gbé nìyẹn. Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀. Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp mẹ́rin, mo gba ohùn sílẹ̀ tì í, ìṣẹ́jú méjì gbáko, mò ń ṣàlàyé òfin tí mi ò kà rí láyé mi. Ọ̀kan nínú gúrúùpù yẹn, ti ẹbí ni. Àǹtí mi kan fi àdúrà fèsì.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e kò sí ìdíje gidi kankan, ọ̀gá ní ká wá láìsanwó, wọ́n ti tún ìdíje yẹn gbé sáfẹ́fẹ́, òun sì ti gbà á sílẹ̀ sínú dẹ́kódà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Mahomes. Ọrùn ẹsẹ̀ ń dun ọmọ yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó wò ọ̀tún wò òsì, kò rí ẹni jù ú sí, ó gbé e sá, ó ń tiro lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọ̀gá tẹ rìmóòtù. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?" Gbogbo wa dákẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọjá ìlà funfun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kejì náà ti wà níta, ẹ̀yìn ìyẹn lọwọ́ Ossai tó bà á. "Ṣé ó ń ju bọ́ọ̀lù ni àbí ó ń sáré?" A ní ó ń sáré. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló gbé bọ́ọ̀lù yẹn sá jáde, kódà kó jẹ́ ẹni tó sanra jù nínú wọn, tí wọ́n bá tì í lẹ́yìn tó ti jáde, yáàdì 15 náà ni. Òfin gbogboogbò ni, kò sí kọ́tábáàkì nínú ẹ̀. Àmọ́ nínú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, àwòrán ti sún mọ́ èjìká wọn débi pé ẹ ò lè rí ìlà funfun, ẹ ò lè rí ẹsẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi hàn wá.

Ó wá ṣírò ẹ̀ fún wa: láìsí pẹ́nátì yẹn, yáàdì 60 ni Harrison Butker, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Chiefs, ì bá ti gbá a, pẹ́nátì sọ ọ́ di 45, ìṣẹ́jú àáyá 8 ló sì kù lórí aago. Bàbá onímicra mi orí, ó ní ọmọ yẹn ló kù díẹ̀ káàtó fún, ó kàn dun òun ni. Mo lọ sórí WhatsApp láti lọ pa ohùn mi rẹ́. Ó ti pẹ́ jù.

Pátákó dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibẹ̀, ọ̀gá ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin sí i, kíkọ ẹ̀ burú. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣì wà lọ́wọ́ kọ́tábáàkì, ẹ lè fi èjìká kàn án láyà, ẹ lè dì mọ́ ọn kẹ́ ẹ sì mú un balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Tó bá ti jù ú, ìṣísẹ̀ kan péré lẹ tún ní, lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ ká ara yín kò. Ẹ má gbá a lórí tàbí lọ́rùn. Ẹ má gbá a láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bá a ṣubú lọ, ẹ má da gbogbo ìwọ̀n ara yín lé e. Tó bá wá gbé bọ́ọ̀lù sá bí àwọn yòókù, ó ti di ẹni bí ẹni, àfi tó bá yọ̀ sílẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ ṣáájú, ìyẹn ni pé ó ti túúbá. Ìlà tó kẹ́yìn ló fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ: tí rẹfirí bá ń ṣiyèméjì, kó ju fúláàgì. Mo rò pé àsọdùn ọ̀gá ni, àṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nínú ìwé òfin wọn, wọ́n ti ní kó máa gbè sẹ́yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìlà kan ṣoṣo yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù, ẹ̀yin náà ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu oníròyìn kẹ́yìn. Rìbá ni wọ́n máa ń sọ.

Rẹfirí tó dé fìlà funfun ló ń wo kọ́tábáàkì, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń dúró sí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì rí i, bí mànàmáná. Àwa tá a jókòó sí Agbowó, a ti rí i láti igun márùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó ọsàn. Slow motion ò sì lè fi agbára hàn yín. Ẹ mú ẹni tí wọ́n là ní pónpó, ẹ dẹ àwòrán ẹ̀ kó máa rìn bí ìgbín, ẹ máa rò pé wọ́n ń fi pa á lára ni. Ẹni tó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, slow motion á sọ ọ́ di ẹni tó lọ jẹun kó tó padà wá gbá a. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá ni fídíò wọ̀nyẹn.

Ọ̀rọ̀ "òfin Brady" náà tún wà níbẹ̀. Bàbá onímicra gbà pé torí Tom Brady, gbajúmọ̀ kọ́tábáàkì, ni wọ́n ṣe gbogbo òfin yìí, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún un. Ọ̀gá fi àárín ìpolówó ọjà kan bá a jà á. Jánúárì 2006 ni wọ́n gbá Carson Palmer, kọ́tábáàkì Bengals, lórúnkún, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù lọ́jọ́ náà ni, orúnkún ẹ̀ bàjẹ́, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n sì mú òfin orúnkún le. Ti Brady jẹ́ Sẹ̀tẹ́ńbà 2008, Bernard Pollard ti Chiefs wà nílẹ̀ nígbà tó fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọn ò ju fúláàgì, Brady ò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lọ́dún yẹn. Ní 2009 wọ́n wá là á yé wọn pé ẹni tó wà nílẹ̀ náà ò gbọdọ̀ fò mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ni àwọn oníròyìn wá sọ lórúkọ Brady. Palmer ló fojú winá ẹ̀, Brady ni wọ́n fi sọ ọmọ. Kódà èyí tí wọ́n ń pè ní tuck rule, pé tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ kọ́tábáàkì níbi tó ti ń fà á padà mọ́ra, kí wọ́n kà á sí pé ó jù ú ni, tí Brady fi yè lọ́wọ́ Raiders nínú yìnyín ní Jánúárì 2002, 1999 ni wọ́n ti kọ ọ́, yunifásítì ni Brady ṣì wà nígbà yẹn. Wọ́n pa á rẹ́ ní 2013. Bàbá onímicra ní kò burú, àmọ́ òun ṣì mọ ohun tóun mọ̀.

Mi ò sọ pé rẹfirí kì í ṣìnà o. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ fi ti Grady Jarrett, ọmọ Falcons, hàn wá, 9 Ọkitóbà 2022, ọmọ yẹn dì mọ́ Brady, ó yí i, ó mú un balẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n ju fúláàgì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Chris Jones ti Chiefs gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Derek Carr, kọ́tábáàkì Raiders, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní ó da ara lé e. Méjèèjì ò dáa lójú mi, nígbà yẹn kò sì sí àyè kí wọ́n padà lọ wo irú fúláàgì bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e: ọjọ́ méjì, fúláàgì méjì, tẹlifíṣọ̀n so ó mọ́ Tua Tagovailoa, kọ́tábáàkì Dolphins, tó fi orí gbálẹ̀ níparí Sẹ̀tẹ́ńbà, ó di òfin tuntun. Kò sí òfin tuntun kankan. Gbólóhùn ìwọ̀n ara yẹn ti wà nínú ìwé tipẹ́, 2018 ni wọ́n wulẹ̀ ní kí rẹfirí la ojú sí i, lẹ́yìn tí Anthony Barr ṣubú lé Aaron Rodgers, kọ́tábáàkì Packers, ní 2017 tí egungun èjìká ẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn tó ń lépa kọ́tábáàkì gan-an jìyà ọdún yẹn, wọ́n ju fúláàgì fún Clay Matthews ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, William Hayes ti Dolphins sì fi orúnkún ẹ̀ ṣòfò níbi tó ti ń gbìyànjú kó má ṣubú lé Carr. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ariwo Brady lọ, kò sì sẹ́ni tó fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi rí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti alẹ́ tí ọ̀gá já sí ìhòòhò. Sátidé 18 Jánúárì 2025, Texans lọ bá Chiefs, aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ wa. Ẹ rántí pé Houston ló gbé. Ó wọ jẹ́sì Texans, ó kọ́ fúláàgì wọn sórí ògiri, ó fi Indomie kan ta gbogbo wa lọ́rẹ. Ìdíje ò tíì jìnnà, wọ́n ju fúláàgì fún Will Anderson, ọmọ Texans, pé ó gbá Mahomes nígbà tí kò yẹ. Ọ̀gá ò dá àwòrán dúró. Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ẹ̀ ló jù mọ́ ògiri. Nígbà tó yá Mahomes sáré, ó yọ̀ sílẹ̀, ọmọ Texans méjì forí gbára níbẹ̀, ara wọn ni wọ́n gbá jù, fúláàgì mìíràn. Troy Aikman tó ń ṣàlàyé lórí ESPN, tóun náà ti jẹ́ kọ́tábáàkì fún Cowboys, fajú ro lórí afẹ́fẹ́, ó ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀gá dìde, ó ń nàka sí ògiri, "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ẹ̀ lẹ́nu kọ́tábáàkì!"

Ọmọ UI kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀, ló rọra ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ rìmóòtù. Kí lẹ rí?"

Ẹ̀rín tá a rín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ajá ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọ̀gá lọ síbi pátákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà pupa yẹn nù. Tí n bá máa sòótọ́, lójú tèmi ìyọ̀ Mahomes yẹn ò tó fúláàgì, Aikman ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn ti ń fi bírò ka nǹkan sí ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: iye ìgbà tí wọ́n mú kọ́tábáàkì Texans, C.J. Stroud, balẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù. Mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ìdíje kan, wọ́n gbé e lulẹ̀ lọ́tùn-ún, wọ́n gbé e lulẹ̀ lósì, 23 sí 14 ni wọ́n fi lé wọn lọ sílé. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, fídíò tó wọlé sórí fóònù mi jẹ́ márùn-ún, Mahomes ni gbogbo ẹ̀. Kò sí Stroud kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tó wo fóònù nìkan á búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kọ́tábáàkì mọ́ nÍlẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ìlà pupa yẹn ti padà sórí pátákó ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń kọ ọ́.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bẹ́ǹṣì ló jẹ ọ̀kan tó kù. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà, omi kì í sí níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá, àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ ò sì mọ òfin kankan, wọ́n ń gbáni lórí, wọ́n ń gbáni lọ́rùn, wọ́n ń gbáni láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn. Tẹ́ ẹ bá kórìíra ẹni tó ń dá àwòrán dúró, ẹ má lọ o, ẹ máa bá ọ̀gá jà. Ó ti ra ínfátà báyìí, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti dópin.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Sángo, ẹ sọ fún onímicra pé Agbowó, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ níwájú géètì UI, ẹ sọdá, kẹ́ ẹ máa gba òórùn Indomie lọ. Wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, àmọ́ okùn ẹ̀ gùn.